Ìyá mi ń ṣubú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n sọ fún káírò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọẸ̀fọ̀n:

Ẹ̀yin ará ilé mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo gbé wá, ó máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kà á dópin.

Ọmọ ọdún 74 ni màmá. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí bàbá wa kọ́, ẹni tó bá sì mọ Ẹ̀fọ̀n á mọ̀ pé ibi tó tẹ́jú níbẹ̀ ò pọ̀, láti ẹnu ọ̀nà wa kéèyàn tó dé títì àtẹ̀gùn síméǹtì mẹ́sàn-án ni, kò sì sí irin kankan téèyàn lè dì mú. Lọ́dún tó kọjá wọ́n lọ bá ẹ̀gbọ́n mi wẹ ọmọ ní Houston, oṣù márùn-ún ni wọ́n lò. Ọmọ yẹn wúwo, màmá sì ní àwọn ò ní fi ọmọ sínú kẹ̀kẹ́, àfi kí àwọn pọ̀n ọ́n. Bí ẹ̀yìn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi bá mú wọn lọ sọ́dọ̀ chiropractor, káírò la sọ ọ́ dà nílé báyìí, àwọn tó máa ń fọwọ́ tẹ eegun ẹ̀yìn àti ọrùn tó fi máa ń dún kọ́ọ́.

Ká sòótọ́, ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n lọ bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ, wọ́n ní ẹ̀yìn fúyẹ́, wọ́n sì ń sùn. Nígbà tí wọ́n dé, gbogbo ìjọ ló gbọ́ nípa káírò.

Àmọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù rèé. Ó di oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti dé, wọ́n ti ṣubú ẹ̀ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ ní balùwẹ̀, wọn ò sọ fún mi, ọmọ tó ń gbé pẹ̀lú wọn ló tú àṣírí. Ẹ̀ẹ̀kejì lóru, NEPA ti mú iná lọ, ìtọ̀ gbọ̀n wọ́n, wọ́n dìde wìì, ojú wọn ṣú, wọ́n fi èjìká lu ara igi ẹnu ọ̀nà. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó ní ó yà òun lẹ́nu torí pé níbi káírò yẹn wọ́n kọ ìbéèrè yẹn sínú fọ́ọ̀mù, pé ṣé ẹ ti ṣubú láàárín ọdún kan, òun sì tú u sí Yorùbá fún màmá, màmá ní "rárá o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́". Bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wọ báàlù gan-an wọ́n ti ṣubú lọ́jà lọ́jọ́ òjò, èmi ni mo fọ ìró tó lẹ́rẹ̀ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá káírò ní Èkó báyìí, ó ní òun á máa fowó ránṣẹ́ ká máa gbé wọn lọ lóṣooṣù, pé bí eegun ẹ̀yìn bá tò dáadáa wọn ò ní ṣubú mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé káírò lè dá ìṣubú dúró fún àgbàlagbà? Mi ò fẹ́ ná owó ọmọlọ́mọ dànù, mi ò sì fẹ́ kó dà bíi pé mò ń ṣahun sí ìyá mi.

Ohun kan tún wà. Wọn ò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Wọ́n ní ẹ̀yìn ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yẹn kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gé ẹ̀fọ́ fún wákàtí kan gbáko lórí àpótí láìráhùn. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀yìn.

ÌyáÌbejì_Ìkọ̀lé:

Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Omijé bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á, torí bí ti ìyá ọkọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi pa mọ́. Wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní àwọn kàn yọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ti balùwẹ̀, àárọ̀ Sátidé, mò ń lọ ata lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ "gbì". Nígbà tí mo máa débẹ̀ wọ́n ti wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ òsì kúrú ju ọ̀tún lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ yí síta, wọn ò lè gbé e rárá. Àṣìṣe wa ni pé a fà wọ́n dìde. Ẹ má fa ẹnikẹ́ni dìde báyẹn o ẹ jọ̀ọ́.

Àwọn ẹbí ní ká gbé wọn lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun. Mi ò bú àwọn bàbá yẹn, wọ́n to ọwọ́ ọmọ mi ó sì jinná, ṣùgbọ́n eegun itan àgbàlagbà tó kán lókè lọ́hùn-ún kì í ṣe ọwọ́ ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni igi wà lára wọn. Kí á tó gbé wọn dé ọsibítù egbò ìdùbúlẹ̀ ti dá sí wọn nídìí. Wọ́n gbé ọdún kan ààbọ̀ sí i láyé, wọn ò fẹsẹ̀ ara wọn dé iwájú ilé mọ́.

Nítorí náà èmi ò mọ̀ nípa káírò, ṣùgbọ́n mo mọ balùwẹ̀. Ẹ lọ wo ilẹ̀ ibi tí màmá ti ń wẹ̀ lónìí, kì í ṣe lọ́la. Tiwa, nǹkan aláwọ̀ ewé kan ti hù sórí síméǹtì, ọṣẹ tún wà lórí rẹ̀, àwa tí ẹsẹ̀ wa ṣì le kì í mọ̀ pé ó ń yọ̀. Mo fi iyanrìn àti búrọ́ọ̀ṣì ha á, lẹ́yìn náà ni bíríkìlà tún un rẹ́, mo ní kó má jẹ́ kó dán, kó fi ìgbálẹ̀ ya á lójú nígbà tó ṣì tutù kó lè máa di ẹsẹ̀ mú. Àga kan tó dúró dáadáa kí wọ́n máa jókòó wẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kí ó wà lórí nǹkan, kí wọ́n má máa bẹ̀rẹ̀ bu omi. A ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ ṣe tiyín báyìí.

Físíò_Adó:

Ẹ̀gbọ́n ỌmọẸ̀fọ̀n, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú, kí Ọlọ́run tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere. Físíò (physiotherapist) ni mí, àwa tó ń fi eré ìdárayá tún ara ṣe, Adó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn àgbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya káírò sọ́tọ̀ kúrò lára físíò, torí nílé níbí a máa ń kà wọ́n mọ́ra. Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ káírò ti bẹ̀rẹ̀, D. D. Palmer ló dá a sílẹ̀ ní 1895 ní ìlú Davenport, ìpínlẹ̀ Iowa, fífọwọ́ tún oríkèé eegun ẹ̀yìn ṣe ni olórí iṣẹ́ wọn. Wọn ò pọ̀ rárá ní Nàìjíríà. Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n, ó lè bá ẹ̀yìn tó ń dùn ṣe, ẹ̀yin náà rí i lára màmá. Ìrora tó dínkù náà sì ṣe pàtàkì, torí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kì í rìn dáadáa, kì í sùn, kì í jáde.

Lórí ìṣubú gan-an, ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní New Zealand tó jáde ní 2016, àgbàlagbà 60 ni, wọ́n pín wọn sí méjì, apá kan gba ìtọ́jú káírò fún ọ̀sẹ̀ 12. Ohun tí wọ́n dìídì wọ̀n ni bóyá ọrùn ẹsẹ̀ ń mọ ibi tó wà láìwo ilẹ̀, bí èèyàn ṣe ń yára gbé ẹsẹ̀ nígbà tó bá yẹ, àti bí ara ṣe ń jẹ́ kó gbádùn ayé ẹ̀. Àwọn tó gba ìtọ́jú ṣe dáadáa sí i. Ó dára, ó tọ́ kéèyàn mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n 60 èèyàn kéré, kí ẹsẹ̀ sì yá díẹ̀ sí i ò tíì túmọ̀ sí pé ìṣubú dáwọ́ dúró. Ẹ fi wé eré ìdárayá tó ń fún ẹsẹ̀ lágbára tó sì ń kọ́ ara ní ìdúró: nígbà tí àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, ṣe tiwọn ní 2019, wọ́n rí i pé ó ń dín iye ìṣubú àwọn àgbà kù ní nǹkan bí 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ò nílò kẹ́ẹ ti Ẹ̀fọ̀n lọ Èkó. Nítorí náà tó bá jẹ́ torí ìṣubú lẹ fẹ́ gbé màmá la gbogbo ọ̀nà yẹn kọjá lóṣooṣù, pẹ̀lú kòtò àti ìjókòó wákàtí púpọ̀ nínú ọkọ̀, èmi ò ní gbà yín níyànjú.

Ìṣubú àgbà kì í sábà ní ìdí kan ṣoṣo. Ohun tẹ́ẹ sọ nípa òru yẹn mú mi lára, pé wọ́n dìde wìì ojú wọn sì ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá dìde dúró, ní ìṣẹ́jú kìíní àti ìkẹta. Bí nọ́ńbà òkè bá já wálẹ̀ tó 20, tàbí ti ìsàlẹ̀ tó 10, ìdí kan ti jáde nìyẹn, dókítà tó kọ oògùn ló máa tún un ṣe, ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró. Kí wọ́n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n jókòó sétí ẹ̀ ná, kí wọ́n ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn, kí ojú wálẹ̀, kí wọ́n tó dúró.

Ẹ tún kó gbogbo oògùn tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí jáde, gbogbo ẹ̀ ni mo wí o, títí kan àgbo. Mo ti rí ìyá kan tó ń lo Piriton, oògùn ara yíyún tó máa ń múni sùn, ní alaalẹ́ láti fi sùn, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ fún un, ó dẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ dọ̀sán ọjọ́ kejì. Valium tí wọ́n fi ń sùn náà ńkọ́, àti oògùn iṣan ara tó ń múni sùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ojú wọn bóyá ẹyinjú ti ń funfun. Tí ṣúgà bá wà lára, ẹ bi wọ́n bóyá àtẹ́lẹsẹ̀ ń kú.

Àyẹ̀wò kan wà tẹ́ẹ lè ṣe nílé lónìí. Ẹ gbé àga tó ní ibi ìgbọ́wọ́lé kalẹ̀, ẹ wọn mítà 3 níwájú ẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Kí màmá jókòó, tẹ́ẹ bá ní "ó yá" kí wọ́n dìde, kí wọ́n rìn bí wọ́n ṣe máa ń rìn dé ìlà, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n wá jókòó. Ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú-àáyá, kẹ́ẹ sì dúró tì wọ́n. Tó bá tó 12 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ìṣubú wà níbẹ̀. Èkejì, àga tí kò ní ìgbọ́wọ́lé, kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí wọ́n máa dìde kí wọ́n máa jókòó fún 30 ìṣẹ́jú-àáyá. Obìnrin tó wà ní 70 sí 79, tí kò bá pé 10, ẹsẹ̀ ti rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ẹ wá fi hàn mí níbí.

Ohun kan ṣoṣo tó kù lórí káírò. Bí àgbàlagbà bá ṣubú, tí ẹ̀yìn tuntun wá ń dùn ún lójijì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó ya X-ray, ìbáà jẹ́ káírò ìbáà jẹ́ físíò ìbáà jẹ́ bàbá olóògùn, torí eegun ẹ̀yìn àgbà lè ti fọ́ láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Kí màmá sọ fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ tẹ̀ wọ́n tó bá jẹ́ pé wọ́n ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kí ẹnikẹ́ni má sì fa ọrùn wọn yọ gùdù. Tí ẹsẹ̀ bá ń kú, tí ìtọ̀ ò bá ṣeé dádúró mọ́, tí ojú ara bá kú tipiri, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

ỌmọÌjerò_Maryland:

Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi torí ọ́fíìsì káírò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, èmi ni mo máa ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àgbà ń wá dáadáa, ẹ̀yìn àti ọrùn ló ń gbé púpọ̀ wọn wá. Fọ́ọ̀mù yẹn, ìbéèrè mẹ́ta ni: ṣé ẹ ti ṣubú láàárín ọdún kan, ṣé ẹsẹ̀ yín máa ń yẹ̀ tẹ́ẹ bá dúró tàbí tẹ́ẹ bá ń rìn, ṣé ẹ̀rù ìṣubú máa ń bà yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí: ẹni tó bá mú ọmọ ẹ̀ dání, "rárá" ló máa ń kọ sí ti àkọ́kọ́. Tí ọmọ bá lọ páàkì mọ́tò, tí mo rọra bi wọ́n, á ní "àfi ìgbà yẹn ní kíṣìnì".

Níbí ní Amẹ́ríkà, CDC, àjọ ìlera ìjọba, ní ó lé ní ẹnì kan nínú mẹ́rin àwọn tó ti pé 65 tó ń ṣubú lọ́dọọdún, pé ẹni tó bá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ìṣubú mìíràn ti di ìlọ́po méjì fún un, àwọn tó sì ń sọ fún dókítà ò tó ìdajì. Nítorí náà màmá ò dá nìkan wà.

Kí ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Houston sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún àgbà níbi káírò. Medicare, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn tó ti pé 65, fífọwọ́ tún eegun ẹ̀yìn ṣe nìkan ló ń san fún lọ́dọ̀ káírò, kì í san fún X-ray wọn, kì í san fún ara wíwọ́ (massage). Níbi tí mo wà káírò wa máa ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí físíò tó bá rí i pé ìdúró wọn ò dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ "rárá" sínú fọ́ọ̀mù, ẹ̀yìn nìkan ló máa tọ́jú fún un. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí màmá nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi káírò, kì í dẹ̀ ṣe ẹ̀bi màmá.

Aláàdúrà247:

Ẹ máa ṣe ti ọsibítù ẹ má gbàgbé Ọlọ́run o. Kí màmá máa ṣubú lóru, kì í ṣe ojú lásán. Ẹ wo ìdí ẹ̀ dáadáa.

ỌmọẸ̀fọ̀n:

Ẹ ṣeun, a ń gbàdúrà, ọmọ ìjọ CAC ni màmá, wọ́n ń gbààwẹ̀ jù mí lọ. Àmọ́ mi ò ní fi ayé kọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́rùn, torí tó bá ti di pé ayé ló tì wọ́n, kò sẹ́ni tó máa ha ilẹ̀ balùwẹ̀ yẹn.

Físíò, Ìyá Ìbejì, ará Maryland, Ọlọ́run á san án fún yín. Ọjọ́ Ẹtì mò ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n.

BàbáTíṣà_Ìjerò:

Ọmọ mi, mo ka gbogbo ohun tẹ́ẹ kọ, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ibi tí ojú mi ò bá ti ríran. Ẹni ọdún 79 ni mí, mo fi ọdún 35 ṣiṣẹ́ tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n bá màmá yín sọ̀rọ̀ torí àgbà ló mọ ohun tó ń ṣe àgbà.

Mo ṣubú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, níbi tí a ti tò fún àyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì. Kò dùn mí rárá, orókún bó díẹ̀. Ohun tó dùn mí ni ariwo. "Bàbá ti ṣubú! Ẹ gbé bàbá!" Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ìwé wà nínú àwọn tó gbé mi. Mo gbọn eruku ìdí mi nù, mo ní kò sí nǹkan kan, mo sì délé mi ò wí fún ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín ibi tí mò ń lọ kù. Mo kọ́kọ́ fi ìrìn ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀. Mo wá fi ìjókòó òkè ní ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ torí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ọ̀rẹ́ mi tí a jọ máa ń ta ayò, mo ní kí ó máa wá bá mi, ó wá títí ó sú u. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹ̀yìn ni. Ẹ̀yìn ń dùn mí lóòótọ́ ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yìn ló dá mi jókòó, ẹ̀rù ni. Ìjókòó yẹn wá ń jẹ ẹsẹ̀ mi, iṣan itan mi rù, ṣòkòtò tó ń ṣe wẹ́kú tẹ́lẹ̀ wá ń dàgbá lára mi. Tí mo bá fẹ́ dìde lórí àga, àfi kí n fi ọwọ́ méjèèjì ti ara mi. Ìgbà yẹn gan-an ni ewu wá pọ̀.

Ẹ mọ ìdí tí a fi ń parọ́? Torí a mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Ẹ ó ní ká má lọ sóko mọ́, ká má dáná mọ́, ẹ ó ti ilé pa, ẹ ó kó wa lọ sí Èkó, a ó wà nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a ò mọ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà nígbà tẹ́ẹ bá dé Ẹ̀fọ̀n ẹ má bi màmá níwájú èèyàn. Ẹ má ní "ṣé ẹ ti ṣubú." Ẹ kọ́kọ́ fi dá wọn lójú pé ẹnikẹ́ni ò ní mú wọn kúrò ní ilé wọn. Ẹ wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ máa ṣe tí ara ò jẹ́ kí wọ́n ṣe mọ́. Físíò tó tọ́jú mi bi mí bẹ́ẹ̀, mo ní mo fẹ́ máa rìn dé ìsọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Kò sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mọ́ o. Ó ní ká máa wọn ọ̀nà ìsọ̀ yẹn.

Ọ̀pá náà, mo kọ̀ ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n gbà á ni pé ọmọ ọmọ mi ló gbẹ́ ẹ fún mi, igi ayùnrẹ́, ó fi rọ́bà sí i nídìí. Kí orí ọ̀pá bá ọrùn ọwọ́ dọ́gba tí èèyàn bá dúró gangan. Ọwọ́ òdì-kejì ẹsẹ̀ tó ń rẹ̀ ni kí wọ́n fi mú un, ọ̀pọ̀ wa ló ń fi ọwọ́ tí kò tọ́ mú un.

ỌmọẸ̀fọ̀n:

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ pẹ́ fún wa sà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbéra.

(ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà)

ỌmọẸ̀fọ̀n:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, mo ṣèlérí pé màá padà wá sọ bó ṣe lọ.

Alẹ́ tí mo dé Ẹ̀fọ̀n, a jẹun tán, ọmọ ilé ti lọ sùn, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ màmá mo ń bá wọn fi òrí pa á, mo ní màmá ẹ̀gbọ́n mi ò ní mú yín lọ síbì kankan, èmi náà ò ní mú yín lọ, ilé yín rèé. Wọn ò fèsì. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ṣé mo mọ àtẹ̀gùn karùn-ún láti òkè, èyí tí etí ẹ̀ ti fọ́, pé nígbàkigbà tí àwọn bá débẹ̀ àyà àwọn máa ń já, àwọn á rí i bíi pé àwọn ti wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lọ sí ìpàdé mọ́. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fo àtẹ̀gùn yẹn kọjá láìbojú wò ó.

Wọ́n sì ka ìṣubú fún mi. Márùn-ún ni, kì í ṣe mẹ́ta tí mo mọ̀. Ọ̀kan wà ní Houston gan-an, lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ̀gbọ́n mi wà níbi iṣẹ́.

Mo ṣe àyẹ̀wò tí Físíò sọ. Mítà 3 lọ bọ̀, 17 ìṣẹ́jú-àáyá. Ìdìde-ìjókòó, 5 péré, ẹ̀kẹfà wọ́n fẹ́ fọwọ́ tì í mo ní ó tó. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ní ìdùbúlẹ̀ 142, ní ìdúró 116. Dókítà yí oògùn náà padà. Lábẹ́ ìrọ̀rí a rí Piriton o! Ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fún wọn. Físíò, ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí i.

Bíríkìlà ti tún ilẹ̀ balùwẹ̀ rẹ́, ó fi ìgbálẹ̀ ya á lójú bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, ó dí àtẹ̀gùn karùn-ún. Iná sólà kékeré tó ń tàn fúnra ẹ̀ wà láti ẹnu yàrá dé ilé ìgbẹ́. Sílípáàsì tó ti jẹ nídìí, mo dáná sun ún kí wọ́n má bàa lọ mú un padà, mo ra bàtà tó ní okùn lẹ́yìn. Ìró náà, wọ́n ti ń ró o sókè díẹ̀.

Ọ̀dọ̀ físíò kan là ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nílé wọ́n ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n á di irin wíńdò mú, wọ́n á dúró lórí gìgísẹ̀, wọ́n á dúró lórí ọmọ ìka, wọ́n á fi ẹsẹ̀ kan ṣáájú ìkejì bí ẹni tó ń rìn lórí okùn. Ti ìdìde lórí àga ni wọn ò fẹ́, wọ́n ní ó ń rẹ àwọn, ọmọ ilé wá dá a sílẹ̀ pé kí wọ́n máa kọ orin, orí ìlà kọ̀ọ̀kan ìdìde kan. Lánàá mo tún wọ̀n ọ́n: 13 ìṣẹ́jú-àáyá, ìdìde 8. Kò tíì pé, mo mọ̀. Láti ìgbà yẹn wọn ò tíì ṣubú.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bínú nípa káírò Èkó. Mo ní kó ka gbogbo ohun tẹ́ẹ kọ síbí. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní ṣé owó náà á tó ṣe irin sí àtẹ̀gùn. Màmá ṣì ń sọ pé tí àwọn bá tún dé Houston àwọn á lọ kí káírò yẹn, torí ó tọ́jú ẹ̀yìn àwọn, ẹ̀gbọ́n mi sì ti gbà pé tó bá kan fọ́ọ̀mù, òun á jáde síta.

Físíò_Adó:

Ẹ kú iṣẹ́ gan-an. Láti 17 sí 13 láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dáwọ́ dúró o, torí agbára ẹsẹ̀ máa ń tètè lọ tí wọ́n bá jókòó. Ẹ tún wọn ẹ̀jẹ̀ yẹn lẹ́yìn oògùn tuntun, ní ìdùbúlẹ̀ àti ní ìdúró. Irin àtẹ̀gùn ńkọ́?

ỌmọẸ̀fọ̀n:

Wẹ́dà ní Sátidé tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Sunday tó kọjá ọmọ ilé wà níwájú, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pá wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn torí ẹsẹ̀ òsì ló ń rẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé àtẹ̀gùn karùn-ún wọ́n dúró, wọ́n fi ọ̀pá kan síméǹtì tuntun náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá parí ní aago méjì, wọ́n ní kí n máa lọ, pé àwọn ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.